V-Sync: Ká Tan Án ni àbí Ká Pa Á? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Gbá Géèmù Ìdíje

Àwọn èèyàn máa ń béèrè bóyá V-Sync, ìyẹn ètò tó ń mú kí káàdì tó ń ya àwòrán dúró de mọ́nítọ̀, máa ń dá ọwọ́ dúró, kí ohun tí a tẹ̀ pẹ́ kó tó hàn lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn bíi Counter-Strike 2 tàbí Valorant lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz, tó tan V-Sync lásán láìfi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn, ti fún alátakò rẹ̀ láyè kí wọ́n tó pàdé. Ṣùgbọ́n V-Sync yìí kan náà, tó bá wà lórí mọ́nítọ̀ tó ní G-Sync tàbí FreeSync, tó ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ dúró de àwòrán, tí a sì ti fi gbèdéke sí iye àwòrán tí géèmù ń yọ, ìdádúró rẹ̀ kéré débi pé agbára káká lọwọ́ fi lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì fi lè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí kò sì ní sí òpùrọ́ nínú wọn. Mọ́nítọ̀ wọn ni kò dọ́gba.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ìlà ló ń fa ìdádúró: àwòrán tó ti parí, tó tò sílẹ̀, tó ń dúró de mọ́nítọ̀. Gbogbo ohun tí mo máa fi wéra níbí, ìlà yẹn ni mo fi ń wọ̀n wọ́n.

Títẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọwọ́ dé ojú

Mọ́nítọ̀ 60 Hz ń tún ojú rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, tí à ń pè ní ms, ìgbà kan sí ìkejì jẹ́ 16.7 ms. Láti òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa yà á ní ìlà-ìlà bọ̀ nísàlẹ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àlàfo kékeré kan á wà kó tó padà sókè. Àlàfo yìí ti wà láti ayé tẹlifíṣọ̀n CRT, nígbà tí ìtànṣán inú rẹ̀ nílò àkókò láti padà sí òkè gíláàsì.

Tí V-Sync bá wà ní pípa, GPU, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán, kì í dúró de àlàfo kankan. Bó bá ti ya àwòrán tuntun tán ni á fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kódà kí mọ́nítọ̀ ti ya ìdajì. Òkè mọ́nítọ̀ á jẹ́ àwòrán àtẹ̀yìnwá, ìsàlẹ̀ á jẹ́ tuntun, tí èèyàn bá sì yíjú kíákíá nínú géèmù, ògiri á dà bíi pé wọ́n gé e sí méjì. Tearing nìyẹn. Tí V-Sync bá wà ní títan, GPU gbọ́dọ̀ dúró de àlàfo kó tó pààrọ̀ àwòrán. Ó dà bí ọjà ọlọ́jọ́-márùn-ún: ẹni tí iṣu rẹ̀ bá délé lẹ́yìn tí ọjà ti tú, ó di ọjà tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé títẹ̀ kan wàyí. Káàdì yín lágbára, ó lè yọ àwòrán 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 5 ms fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tá yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tẹ máùsì. Máùsì 1,000 Hz á ti jíṣẹ́ láàárín 1 ms. Géèmù á ṣírò rẹ̀, GPU á yà á. Tí kò bá sí V-Sync, àwòrán tí ìbọn yín ti dún nínú rẹ̀ á jáde ní kété tó bá parí. Tí V-Sync bá wà, ó lè ku 10 ms kí àlàfo tó dé, àwòrán á sì dúró.

Tó bá jẹ́ 10 ms yẹn nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má le. Ṣùgbọ́n bí àwòrán yẹn ṣe ń dúró, géèmù kò káwọ́ gbera. Ó ń pèsè òmíràn, ó tún ń pèsè òmíràn, títí ààyè á fi kún. DirectX, ètò tí géèmù fi ń bá GPU sọ̀rọ̀ lórí Windows, gbà kí géèmù to àwòrán 3 síwájú, àfi tí ẹni tó ṣe géèmù náà bá yí i padà. Lórí 60 Hz, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ gba 16.7 ms tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìlà ni títẹ̀ yín bọ́ sí, 50 ms á sì kọjá kó tó kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́nítọ̀ ṣì nílò bíi 8 ms láti yà láti òkè dé àárín, níbi tí àmì ìfojúsùn ìbọn yín wà.

Ẹ kíyè sí i pé káàdì tó yára ju mọ́nítọ̀ lọ ló ń bá èyí pàdé. Ẹni tó náwó ńlá sórí GPU, tó so ó mọ́ mọ́nítọ̀ 60 Hz, tó wá tan V-Sync, òun gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo. Ẹ lè rí i láìwọn nǹkan kan. Ẹ ṣí mẹ́nù géèmù tí atọ́ka rẹ̀ jẹ́ ti géèmù fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti Windows, kí ẹ fi máùsì yí i po. Tí V-Sync bá wà ní títan, atọ́ka á máa wọ́ tẹ̀lé ọwọ́. Ẹ pa á, atọ́ka á sì bá ọwọ́ rìn.

Títan tàbí pípa, tó bá jẹ́ 60 Hz lásán lẹ ní

Fún géèmù ìbọn, ẹ pa á. Mi ò rí ìdí kan tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì níbẹ̀.

Àwọn kan á bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi 300 FPS, ìyẹn àwòrán 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣe lórí mọ́nítọ̀ tí kò lè fi ju 60 hàn. Ó wúlò gan-an. Nígbà tí V-Sync bá wà ní pípa, ìgbà kan ṣoṣo tí mọ́nítọ̀ bá ya ojú rẹ̀, ègé àwòrán 5 ló wà nínú rẹ̀, bá a sì ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ègé kọ̀ọ̀kan ń tuntun ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Èyí tó bọ́ sí àárín, tí ojú yín ń wò, ìwọ̀nba ms díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti ìgbà tí géèmù ṣírò rẹ̀. Bí FPS bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ láàárín ègé kan àti ìkejì ń dín kù, tí ojú fi ń gbójú fo tearing náà.

Ohun tí pípa ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ooru, ariwo fáànù àti iná. GPU tí kò ní gbèdéke á sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹni tó bá sì ń fi ínfátà gbá géèmù nígbà tí NEPA bá mú iná lọ á rí bí bátìrì á ṣe máa lọ sílẹ̀. Ẹ fi gbèdéke sí i. Ní Counter-Strike 2, fps_max ni àṣẹ tí ẹ máa kọ. Ìdádúró tí gbèdéke tó wà nínú géèmù fúnra rẹ̀ ń fà sábà máa ń kéré sí ti èyí tá a fi sí i láti ìta.

Àwọn kan wà tí ojú wọn kò gba tearing rárá, orí á máa fọ́ wọn. Kí wọ́n má wulẹ̀ padà sí V-Sync lásán. Ọ̀nà kan wà tó sàn. Ẹ lọ sí testufo.com, ẹ wọn Hz mọ́nítọ̀ yín níbẹ̀, torí ó lè jẹ́ 59.94 lẹ ní dípò 60. Ẹ wá fi RivaTuner Statistics Server, tí gbogbo èèyàn ń pè ní RTSS, ṣe gbèdéke tó fi 0.01 dín sí iye yẹn, ìyẹn 59.93, kí ẹ tó tan V-Sync. Mọ́nítọ̀ á máa gba àwòrán yára díẹ̀ ju bí géèmù ṣe ń yọ ọ́ lọ, nítorí náà ìlà kò ní rí ọ̀nà kún. Ìdádúró á já wálẹ̀ sí bíi ti àwòrán kan. Ohun tí ẹ máa fi san án ni ìkọsẹ̀ kékeré kan ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 100 síra wọn, nígbà tí mọ́nítọ̀ bá fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. RTSS yìí náà ní Scanline Sync, tó ń ti ojú ibi tí àwòrán ti ya kúrò níbi tí ojú lè rí i, láìlo V-Sync rárá. Àmọ́ GPU gbọ́dọ̀ ní agbára tó ṣẹ́ kù dáadáa kó tó lè ṣe é.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń gbá géèmù nínú fèrèsé Windows tàbí borderless, ìyẹn fèrèsé tí kò ní etí: ó ṣeé ṣe kí ẹ pa V-Sync nínú géèmù, kí Windows fúnra rẹ̀ sì máa mú àwòrán yín dúró. Fullscreen ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ tan "Optimizations for windowed games" nínú Settings Windows 11.

Mọ́nítọ̀ tó yára ń pa ìṣòro náà rẹ́ fúnra rẹ̀

Ìlà àwòrán 3 tó fa 50 ms lórí 60 Hz, bíi 21 ms ló jẹ́ lórí 144 Hz, ó sì di 12.5 ms lórí 240 Hz. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ẹni tó tan V-Sync lórí 240 Hz, tí ìlà rẹ̀ kún dẹ́nu, ìdádúró rẹ̀ kò tíì tó ìgbà kan ṣoṣo tí mọ́nítọ̀ 60 Hz ń ya ojú rẹ̀. Tí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá lè ra ju nǹkan kan lọ, tí káàdì yín sì ti ń yọ 100 FPS nínú géèmù tí ẹ ń gbá, mọ́nítọ̀ ni kí ẹ rà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń pààrọ̀ GPU léraléra, tí 60 Hz àtijọ́ ṣì wà níwájú wọn.

Tí káàdì kò bá lágbára tó

Níbí ni V-Sync ti burú jù. Ká ní àwòrán kan gba 17 ms láti yà. Ó ti pàdánù àlàfo 16.7 ms, ó sì gbọ́dọ̀ dúró di 33.3 ms. FPS yín á já láti 60 bọ́ sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ó fi ohun tí kò tó 1 ms pẹ́. Triple buffering, ìyẹn fífi ààyè àwòrán kẹta kún un kí GPU má bàa dúró, lè gbà yín lọ́wọ́ ìjábọ́ yẹn. NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe GPU, gbé Adaptive V-Sync jáde ní 2012 nítorí rẹ̀: tí FPS bá lọ sílẹ̀ ju Hz lọ, á pa V-Sync fúnra rẹ̀. Fún ìdíje, pípa pátápátá ṣì sàn.

Fast Sync ti NVIDIA, tó jáde ní 2016, àti Enhanced Sync ti AMD (ilé-iṣẹ́ GPU mìíràn), tó tẹ̀ lé e ní 2017, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n jẹ́ kí GPU máa sáré bó ṣe fẹ́, tí àlàfo bá dé, wọ́n á mú àwòrán tó parí kẹ́yìn, wọ́n á sì da ìyókù nù. Ìdádúró rẹ̀ kéré sí ti V-Sync, kò sì sí tearing nígbà tí FPS bá ju Hz lọ. Àmọ́ àfi kí FPS yín tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta Hz mọ́nítọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrìn àwòrán á máa gún. Mi ò kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lò ó fún géèmù tó ní láti fi ọwọ́ tọ́ ìbọn.

G-Sync àti FreeSync: níbi tí V-Sync ti di ọ̀rẹ́

NVIDIA kéde G-Sync lóṣù kẹwàá 2013. AMD fi FreeSync hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì dé ọjà ní 2015. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n yí ẹni tó ń dúró padà. Mọ́nítọ̀ ló ń dúró de àwòrán. Bí GPU bá parí lẹ́yìn 9 ms, mọ́nítọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà á nígbà náà. Bó bá jẹ́ 11 ms, á dúró dè é. Kò sí ìlà, kò sí tearing, kò sí jíjá láti 60 sí 30.

Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ní òpin. Ká ní tirẹ̀ jẹ́ 48 sí 144 Hz. Bí FPS bá ti kọjá 144, G-Sync ti tán nìyẹn, V-Sync àtijọ́ pẹ̀lú ìlà rẹ̀ á sì padà wá, tó bá wà ní títan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: wọ́n tan G-Sync, wọ́n tan V-Sync, wọn ò fi gbèdéke sí FPS, ọwọ́ wúwo, wọ́n wá ní G-Sync kò dáa. Ìdánwò tí Blur Busters, ìkànnì tó ń dán mọ́nítọ̀ wò, gbé jáde ní 2017 fi hàn gbangba bó ṣe yẹ ká ṣe é: ẹ tan G-Sync, ẹ tan V-Sync nínú NVIDIA Control Panel, ẹ pa V-Sync tó wà nínú géèmù, kí ẹ sì fi gbèdéke sí FPS, ó kéré tán 3 sísàlẹ̀ Hz mọ́nítọ̀. Lórí 144 Hz, 141 nìyẹn.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí V-Sync tún wà níbẹ̀. Àwòrán kan lè fi díẹ̀ yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á wá bá mọ́nítọ̀ níbi tó ti ń parí ìsàlẹ̀, tearing kékeré á sì yọ níbẹ̀. V-Sync á mú un dúró fún ìwọ̀n tó kéré gan-an, kò ju ìyẹn lọ. Ìlà kò ní kún, torí gbèdéke kò jẹ́ kí FPS dé òkè.

Láti oṣù kìíní 2019 ni NVIDIA ti jẹ́ kí káàdì rẹ̀ bá ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ní láti mọ èyí: káàdì NVIDIA ti ìran GTX 10 nílò okùn DisplayPort fún un, HDMI kò lè ṣe é. Kí ẹ tó sanwó mọ́nítọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ojú DisplayPort wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí léèrè láàárín G-Sync tá a tò dáadáa àti pípa ohun gbogbo, pípa ohun gbogbo ṣì fi ms díẹ̀ ṣáájú fún ẹni tó ń yọ 400 FPS lórí 240 Hz. Ẹni tó ń wá owó nídìí ìdíje lè mú ìyẹn. Fún àwa yòókù, tí FPS wa ń gòkè tó ń sọ̀, àwòrán tó ń rìn geere ń jẹ́ kí ojú rí ọ̀tá dáadáa, èrè yẹn sì pọ̀ ju ms tó sọnù lọ.

Reflex àti Anti-Lag

Ìlà kò mọ sí ọ̀dọ̀ V-Sync nìkan. GPU tó ń ṣiṣẹ́ dé 100% náà máa ń jẹ́ kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, to àwòrán sílẹ̀ dè é. NVIDIA Reflex, tó jáde lóṣù kẹsàn-án 2020, tí Fortnite àti Valorant wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ń jẹ́ kí CPU dúró díẹ̀ kó tó ka máùsì, kí àwòrán lè bọ́ sọ́wọ́ GPU ní tààrà. Tí ẹ bá tan Reflex pẹ̀lú G-Sync àti V-Sync, á fi gbèdéke sí FPS fúnra rẹ̀, 138 lórí 144 Hz. Tí géèmù yín bá ní Reflex, ẹ tan án, kí ẹ má wulẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti AMD, ẹ ṣọ́ra. Lóṣù kẹwàá 2023, Anti-Lag+, tí AMD ṣe láti dín ìdádúró kù, ń wọnú fáìlì Counter-Strike 2 láti ìta, wọ́n sì ń lé àwọn tó tan án kúrò nínú géèmù (ban) bí ẹni tó ń ṣe màgòmágó. AMD ní láti mú un kúrò. Anti-Lag 2, tó dé ní 2024, wà nínú géèmù fúnra rẹ̀, kò sì ní ewu yẹn. Èyí tí géèmù fúnra rẹ̀ bá fi síwájú yín nínú Settings ni kí ẹ lò.

Géèmù ìjà, páàdì, àti fóònù

Géèmù ìjà ń ka ohun gbogbo ní àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní iye àwòrán tirẹ̀. Níbẹ̀, àwòrán 3 tí V-Sync bá jẹ lè sọ ẹ̀ṣẹ́ tó ṣeé dí di èyí tí kò ṣeé dí mọ́. Street Fighter V jáde ní 2016 pẹ̀lú ìdádúró tó tó bíi àwòrán 8, inú àwọn eléré kò sì dùn sí i rárá. Street Fighter 6 ní "Input Delay Reduction" nínú Settings rẹ̀. Ẹ tan ìyẹn, kí ẹ pa V-Sync lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń gbá Super Smash Bros. Melee ti 2001 ṣì ń gbé tẹlifíṣọ̀n CRT lọ síbi ìdíje títí di òní nítorí ìdádúró.

Lórí PS4 tàbí PS5, ẹ kì í sábà rí V-Sync láti pa. Tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé géèmù ládùúgbò, tẹlifíṣọ̀n ń ṣe àtúnṣe àwọ̀ àti ìrìn àwòrán kó tó fi hàn, ìyẹn nìkan sì lè dá páàdì dúró ju V-Sync lọ. Ẹ wá Game Mode nínú mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan án. PS5 tún ní VRR, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí G-Sync àti FreeSync ń ṣe, láti oṣù kẹrin 2022, fún ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gbà á lórí HDMI 2.1.

Lórí Android, V-Sync kì í kú. Google ló fi í mọ́ gbogbo ẹ̀rọ náà nínú Android 4.1 ní 2012, kí ojú fóònù lè máa yọ̀ geere. Ohun tí ẹ lè yàn ni Hz. Tí fóònù yín bá ní 90 tàbí 120 Hz, tí Call of Duty: Mobile tàbí PUBG Mobile sì gbà á lórí rẹ̀, ẹ gbé e sí òkè, kódà kí ẹ dín ẹwà àwòrán kù.

Ẹ má fi ping bo ìdádúró mọ́lẹ̀

Ẹni tó ń gbá géèmù láti Ìbàdàn lórí server Yúróòpù á ní ping òun, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ sí server tó sì ń padà, ti pọ̀ jù, kí ni 30 ms V-Sync jẹ́ sí i? Server ń rí ping yín. Nínú géèmù Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Counter-Strike, bí ẹ bá yìnbọn, server á padà sẹ́yìn dé ibi tí ọ̀tá wà lójú yín nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sì ṣèdájọ́ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n server kò mọ̀ pé àwòrán dúró 50 ms nínú kọ̀ǹpútà yín kí ojú yín tó rí i. Kò sẹ́ni tó máa dá ìyẹn padà fún yín.

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín

Fóònù tó lè ya fídíò slow motion ní 240 FPS tó. Ẹ gbé e sí ibi tí ìka yín lórí máùsì àti mọ́nítọ̀ ti hàn nínú fídíò kan náà. Ẹ yìnbọn léraléra, kí ẹ wá ka iye àwòrán fídíò láti ìgbà tí bọ́tìnnì wọlé dé ìgbà tí iná yọ lẹ́nu ìbọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 4.2 ms. Ẹ má gba ẹyọ kan gbọ́, torí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ láàárín yíyà mọ́nítọ̀; ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ pín in. Ẹ wá yí ohun kan ṣoṣo padà, V-Sync tàbí gbèdéke, kí ẹ tún un kà. Tí iye náà kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí Control Panel káàdì yín máa borí ohun tí ẹ yàn nínú géèmù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.